Ogun 1914 Kò Jìnnà sí Wa: Kamina, Lomé àti Ìwé Àlàáfíà Tó Pín Tógò

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Nukafu nìyí. Akọ̀wé ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, ibi díẹ̀ ni mo tún ṣe.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ti Assigamé bọ̀ tààrà láì tíì sinmi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Ẹ kú omi ọ̀nà Nukafu náà. Ẹni tí bàtà rẹ̀ kò bá tutù láàárín wa lónìí, mọ́tò ló gbé e wá.

Ní ìpàdé tó kọjá, a ń jiyàn lórí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ nípa owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ẹnubodè. Àwọn kan ní kí a kọ ọ́. Àwọn kan ní ìwé kíkọ kò ní láárí, ta ló fẹ́ kà á? Ọmọ wa kan wá dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹnubodè yìí gan-an, ta ló fi í síbẹ̀?" Ẹnì kan dáhùn pé òyìnbó ni. Ẹlòmíràn ní ogun ni. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ààyè ní oṣù tó ń bọ̀. Ìdí tí mo fi dúró síwájú yín nìyẹn.

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wà ní collège, ẹni tó ń kọ́ wa ní ìtàn mú wa la ogun 1914 já láti Sarajevo dé Verdun, láti Verdun dé Versailles. Mo mọ odò Marne àti odò Somme, mo lè fi ìka tọ́ka sí wọn lórí máàpù. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé odò kan wà ní ọ̀nà Atakpamé, Chra lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti ja ogun kan náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ ìjọba ti gbé mi lọ sí Atakpamé, kí n tó fojú ara mi rí kọnkéré àti irin adípẹtà tó kù ní Kamina. Mo dúró níbẹ̀, inú bí mi díẹ̀. Mo ní, ohun tí wọ́n fi kọ́ mi bí ìtàn àjòjì, àgbàlá ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Àgbàlá ilé wa ni mo wí, n kò ṣàsọdùn. Ilẹ̀ Atakpamé, ilẹ̀ àwọn Ifẹ̀ ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ana. Wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti wá. Bí o bá rọra fetí sí èdè wọn, ebi kò ní pa ọ́ láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ní ọjọ́ 28 oṣù June 1914, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tí ń jẹ́ Gavrilo Princip yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrẹ̀mọ ọba Ọ́stríà-Họ́ngárì, ní Sarajevo. Ọ́stríà ní Sérbíà ló wà lẹ́yìn ọmọ náà. Jámánì ní òun wà lẹ́yìn Ọ́stríà. Rọ́ṣíà ní òun kò ní í wo Sérbíà níran. Faransé ti bá Rọ́ṣíà dá májẹ̀mú tẹ́lẹ̀. Jámánì wá gba inú ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kọjá kí ó lè bá Faransé jà, Gẹ̀ẹ́sì ní òun kò gbà. Nígbà tó fi di ọjọ́ 4 oṣù August, gbogbo wọn ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Ẹ má ṣe rò pé ìbọn ọmọdé kan ló fa ogun ọdún mẹ́rin. Igi ti gbẹ kí iná tó dé. Àwọn ìjọba wọ̀nyí ti ń bá ara wọn díje lórí ọkọ̀ ogun, lórí ilé-iṣẹ́, àti lórí àwa náà. Ní 1911 Faransé àti Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí Mòrókò. Kí ni wọ́n fi parí rẹ̀? Faransé gé lára ilẹ̀ Kóńgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kún Kamẹrúùnù ti Jámánì. Ẹ gbọ́ o: Mòrókò ni ìjà wà, ilẹ̀ ará Kóńgò ni wọ́n fi tu ara wọn nínú. Ẹni tó bá rántí èyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tógò ní 1919 kò ní yà á lẹ́nu.

Láti 1884 ni Tógò ti wà lábẹ́ Jámánì, nígbà tí Nachtigal bá Mlapa ti Togoville ṣe ìwé. Àwọn Jámánì máa ń pe Tógò ní kólónì àwòkọ́ṣe. Wọ́n ṣe ojú irin lóòótọ́, wọ́n kọ́ wáàfù sí etíkun Lomé ní 1904, wọ́n kọ́ kàtídírà tí ẹ ń rí lẹ́bàá ọjà títí di òní. Ṣùgbọ́n wọ́n ń na ènìyàn ní pàṣán. Iṣẹ́ ọ̀ranyàn wà, ọjọ́ méjìlá lọ́dún, àfi ẹni tó bá lówó tí ó lè fi ra ara rẹ̀. Ní 1913, nígbà tí Solf, mínísítà wọn fún àwọn kólónì, wá sí Lomé, àwọn oníṣòwò ìlú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún un: kí ìyà pàṣán àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dópin, kí ìdájọ́ dára sí i, kí àwọn náà ní ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún wọn lọ́dọ̀ ìjọba. Octaviano Olympio wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Àgùdà ni, ọmọ àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá. Ẹ fi orúkọ yẹn sápò, a óò padà bá a.

Kí ló wá mú ogun Yúróòpù dé Tógò kíákíá bẹ́ẹ̀? Kamina ni. Ní 1914 yẹn gan-an ni àwọn Jámánì parí ilé-iṣẹ́ tẹlígíráàfù tí kì í lo wáyà níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní T.S.F. lédè Faransé. Ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Anton Codelli ló darí iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló gé igbó, àwọn ló ru irin. Láti Kamina, wọ́n lè bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀, ó lé ní 5,000 kìlómítà, wọ́n sì lè fi iṣẹ́ rán sí àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì lórí òkun Àtìláńtíìkì. Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe kòkó, kì í ṣe epo, kì í ṣe ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bá wá. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni.

Gómìnà Jámánì, Duke Adolf Friedrich ti Mecklenburg, kò sí nílé nígbà náà, ó ti lọ ìsinmi. Major von Doering ló dúró fún un. Kò ní ọmọ ogun gidi, ọlọ́pàá ló ní àti àwọn òyìnbó oníṣòwò tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́. Ó wá fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ sí Gold Coast àti sí Dahomey pé kí wọ́n jẹ́ kí Tógò wà láìdásí ogun. Kò dára, ó ní, kí àwọn ènìyàn dúdú máa wo òyìnbó bí ó ṣe ń bá òyìnbó jà. Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní. Kì í ṣe pé kí ènìyàn dúdú má kú ló ká a lára. Kí ènìyàn dúdú má rí i ni.

Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Àwọn Faransé ti Dahomey wọlé, wọ́n gba Aného. Lieutenant-Colonel Bryant kó àwọn ọmọ ogun Gold Coast wọ Lomé láti ojú òkun ní ọjọ́ 12 oṣù August, kò sì sí ẹni tó bá a jà, nítorí pé Doering ti kó àwọn tirẹ̀ lọ sókè, lọ ṣọ́ Kamina. Nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Alhaji Grunshi, ọmọ ilẹ̀ Gold Coast, yìnbọn nínú ilẹ̀ Tógò yìí. Òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó yìnbọn nínú gbogbo ọmọ ogun tó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun náà. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa o. Kì í ṣe ará London ló kọ́kọ́ yìnbọn fún London, ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni.

Wọ́n ja ní Agbélouvé ní ọjọ́ 15 àti 16. Ní ọjọ́ 22 ni ogun ńlá wá bẹ́ sílẹ̀ ní etí odò Chra. Jámánì ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti ba afárá ojú irin jẹ́, wọ́n gbé ìbọn arọ̀jò-ọta kalẹ̀. Ó lé ní 70 nínú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lieutenant Thompson kú níbẹ̀, ó wà lára àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ pa nínú ogun náà. Àwọn tirailleur ọmọ Áfíríkà tó ń ṣe olórí fún kú yí i ká, wọ́n sì sin wọ́n pọ̀ sí ibì kan. Bí ẹ bá ń gba route nationale lọ sí Atakpamé, ẹ óò rí itẹ́ òkú náà. Orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀ ni Wahala. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kọjá níbẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn ba Kamina jẹ́, wọ́n wó àwọn òpó gíga náà lulẹ̀. Ní ọjọ́ 26 wọ́n túúbá. Ogun Tógò kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí Jámánì pàdánù nínú ogun náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n lo ọdún mẹ́ta kọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ lò ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ.

Kí oṣù August tó parí, Bryant àti Maroix tó ṣojú Faransé ti pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Lomé àti Kpalimé wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì; Aného, Atakpamé, Sokodé àti Mango wà lọ́dọ̀ Faransé. Ọdún mẹ́fà ni Lomé fi wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ wa tí a bí síbí kò mọ èyí.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, à bá sọ pé ogun náà rọra fọwọ́ kàn wá ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìbọn dákẹ́ ní Tógò ni iye rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lórí àwọn ará wa.

Lágbàáyé, ó tó mílíọ̀nù 9 sí 10 ọmọ ogun tó kú. Nọ́mbà bẹ́ẹ̀, orí ènìyàn kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tó sún mọ́ wa. Faransé kó bíi 170,000 ọkùnrin láti àwọn kólónì rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bíi 30,000 nínú wọn kò padà wálé. Tirailleurs sénégalais ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ará Sakété tàbí ará Savè tí kò gbúròó Senegal rí. Àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ kò tó, olórí abúlé gbọ́dọ̀ mú iye tí wọ́n bá bù fún un wá. Ní 1918, Blaise Diagne, ọmọ Senegal tó jẹ́ aṣòfin ní Paris, wá káàkiri pẹ̀lú ìlérí, ó sì kó bíi 63,000 mìíràn.

Àwọn kan kọ̀. Àwọn Ọ̀họ̀rí, àwọn tí Faransé ń pè ní Holli, lápá Pobè àti Kétu, dìde láàárín 1914 sí 1916 nítorí owó orí, nítorí iṣẹ́ ọ̀ranyàn, nítorí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ wọn dúdú, ó kún fún ẹrẹ̀; bí òjò bá ti rọ̀, àlejò kò lè wọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ yẹn jà fún wọn fún ìgbà díẹ̀. Ní òkè lọ́hùn-ún, Bio Guéra kó àwọn Bàrìbá jáde, wọ́n sì pa á ní 1916. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kò dára. Wọ́n kó ọmọ Nàìjíríà lọ sí Kamẹrúùnù, wọ́n kó wọn lọ sí Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní Mahiwa ní October 1917, àwọn ọmọ Nàìjíríà kú bí ẹran. Èyí tó tún wá dun ènìyàn jù: nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde ní 1918 nítorí owó orí Lugard, èyí tí a ń pè ní Ogun Àdùbí, àwọn ọmọ ogun tó ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n kó lọ bá wọn. Ẹni tó lọ jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì délé, wọ́n ti yí ìbọn rẹ̀ kọjú sí ilé. Ọdún yẹn náà ni girípù dé, ó bá ọkọ̀ ojú omi wọlé sí gbogbo etíkun wa, ó sì pa ọ̀pọ̀ ẹni tí ogun kò rí pa.

Bàbá bàbá mi, ará abúlé kan lápá Kétu ni. Oko ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó wọn. Ìyá rẹ̀ rán àbúrò rẹ̀ obìnrin sí i pẹ̀lú èlùbọ́ nínú àpò, ó ní kó má padà wálé. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Mẹ́kọ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe òun nìkan, àwọn ìdílé wà tí wọ́n kó tọmọtọmọ kọjá ààlà lóru. Faransé ń ka orí, orí ń dín kù. Bàbá mi sọ fún mi pé bàbá òun kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun sá. "Mo ṣí lọ" ni ó máa ń sọ.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe parí ìjà.

Ogun dákẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù November 1918. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Versailles ní ọjọ́ 28 oṣù June 1919, ọdún márùn-ún géérégé lẹ́yìn ìbọn Sarajevo. Wọ́n ní Jámánì ló jẹ̀bi ogun, kó san gbèsè, kó sì fi gbogbo kólónì rẹ̀ sílẹ̀. Ìtìjú àti gbèsè náà wà lára ohun tí Hitler wá rí ru àwọn ènìyàn rẹ̀ sókè lẹ́yìn náà. Ìyẹn mọ́ níbi púpọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tiwa ni kí a wò.

Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti sọ ní January 1918 pé bí wọ́n bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ àwọn kólónì, ohun tó ṣe àwọn tó ń gbé inú wọn láǹfààní gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà pẹ̀lú ohun tí ìjọba ń béèrè. Àwọn ará Lomé gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbà á gbọ́. Octaviano Olympio àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lórúkọ àwọn ọmọ Tógò: ẹ má pín wa, bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ fi wá sábẹ́ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi wá sí. Wọ́n ní ìdí tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìbátan àti òwò wọn wà ní Keta àti Accra.

Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn lọ́nà tó ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 10 oṣù July 1919, Henry Simon fún Faransé àti Lord Milner fún Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé wọn. Faransé fẹ́ èbúté àti ojú irin, nítorí náà Lomé di tirẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta Tógò lọ sọ́dọ̀ Faransé, ìdá kan tó kù lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ho, Kpando, Hohoe, Kete-Krachi, Yendi. Ní October 1920, Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Lomé.

Níbi yìí, mo fẹ́ tún ohun kan ṣe, nítorí pé a máa ń sọ ọ́ lódì. Ààlà Lomé àti Aflao kì í ṣe ti 1919. Èyí ti wà láti ìgbà Jámánì. Ti Hilla-Condji lọ́dọ̀ Dahomey náà ti wà ṣáájú. Èyí tí 1919 fà ni èyí tó gba òkè lọ, tó ya Kpalimé sọ́tọ̀ kúrò lára Ho, tó la àárín àwọn Ewe tí wọ́n ti jọ wà lábẹ́ Jámánì. Kí n sì sọ òdìkejì rẹ̀, kí n má bàa dà bí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan pamọ́: ìwé kan náà so àwọn Dagomba pọ̀, nítorí pé Yendi tí ọba wọn ń gbé ti wà lọ́dọ̀ Jámánì, tí ìyókù wọn sì wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gé níbì kan, ó rán níbì kan. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gé, kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rán.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àlàáfíà yẹn tí àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Tógò kò di kólónì Faransé. Mandat ló dì, lábẹ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè ní Geneva, láti 1922. Ìyẹn ni pé Faransé kì í ṣe onílé, alágbàtọ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ máa jíhìn lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni púpọ̀ nínú rẹ̀, mo mọ̀. Iṣẹ́ ọ̀ranyàn kò tán, owó orí kò tán. Àmọ́ ó mú ìyàtọ̀ wá. Ní Dahomey, òfin July 1919 sọ iṣẹ́ ológun di ọ̀ranyàn fún ọ̀dọ́mọkùnrin àní nígbà tí kò sí ogun. Ní Tógò, ìwé mandat kò jẹ́ kí wọ́n kó ọmọ báyìí ṣe ológun, àfi láti ṣọ́ ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé dọ́gbọ́n fi gbólóhùn kan sí i nítorí ọjọ́ tí ogun ńlá bá tún dé. Ṣé ẹ rí i? Bàbá bàbá mi kò padà sí Kétu. Láti Mẹ́kọ ó bá àwọn alájàpá wá sí Lomé, ó wá ibùgbé sí Anagokomé, ó ń ta aṣọ. Bí a bá bi í léèrè, òwò ló ní ó gbé òun wá. Èmi tí mo ti ka ìwé méjì-mẹ́ta, mo rò pé ó mọ ibi tí wọn kì í ti í kó ọmọ.

Ohun kejì tí mandat mú wá ni ẹ̀tọ́ láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Geneva. Àwọn ọmọ Tógò sì kọ ọ́. Àwọn tó kóra wọn jọ ní Accra lábẹ́ orúkọ Bund der deutschen Togoländer kọ títí, ọ̀wọ́ wọn sú Faransé. N kò fi gbogbo ohun tí wọ́n ń wá ṣe tèmi, wọ́n fẹ́ kí Jámánì padà wá. Síbẹ̀, ìwé wọn dé orí tábìlì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ka á. Ní January 1933, nígbà tí wọ́n bu owó orí tuntun lé ará Lomé lórí ní àkókò tí òwò ti kú, tí wọ́n sì ti àwọn aṣojú ìlú mọ́lé, àwọn obìnrin ọjà ló kọ́kọ́ tú jáde. Wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Lẹ́yìn Ogun Kejì, mandat di tutelle lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní December 1947, ọkùnrin kan dúró ní Lake Success ní New York, ó ń ka ẹ̀dùn ọkàn àwọn Ewe tí wọ́n pín. Sylvanus Olympio ni. Octaviano ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kpando ni wọ́n bí Sylvanus sí, ní apá tí Simon àti Milner wá fi sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó di ààrẹ àkọ́kọ́ Tógò, Ghana ni ìlú tí wọ́n bí i sí wà lónìí.

Kò rí ohun tó béèrè gbà. Ní May 1956, apá Gẹ̀ẹ́sì dìbò, 58 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn yóò bá Gold Coast lọ, ó sì di Ghana ní 1957. Àwọn tó pín kò tún padà di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Faransé ṣe ìbò tirẹ̀ ní October 1956 láìsí ẹni tó ń wò ó, kí ó lè sọ pé tutelle ti parí, àwọn tó wà ní New York ní àwọn kò gbà, nítorí pé ìwé àwọn ará Tógò ti kún ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí wọ́n dìbò mìíràn. Wọ́n rán Max Dorsinville, ọmọ Haiti, wá dúró tì í. Ní ọjọ́ 27 oṣù April 1958, gbogbo àgbà dìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹgbẹ́ Olympio sì borí. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn rẹ̀, òmìnira dé. Nígbà ayẹyẹ òmìnira náà, wọ́n pe àlejò àgbàlagbà kan láti Jámánì: Duke ti Mecklenburg, gómìnà tó lọ ìsinmi ní 1914 tí kò rí ilé padà sí. Ó wá, ó jókòó, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fa àsíá tuntun sókè. Mo máa ń rò ó pé kí ló ń rò lọ́kàn.

Ọmọ wa tó béèrè ìbéèrè náà, ó tún bi mí lẹ́yìn tí mo sọ èyí tán: "Bàbá, ìyẹn ni pé ìwé 1919 ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?" Mo ní kò ṣiṣẹ́ ní 1919. Kò ṣiṣẹ́ ní 1920, kò ṣiṣẹ́ ní 1933. Láti 1919 dé 1958, ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Octaviano kò rí i, ó ti kú. Bàbá mi sọ fún mi pé òun wà lórí ìlà láti ìdájí lọ́jọ́ ìbò yẹn, pé bàbá òun tẹ̀lé òun wá, ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi, kò sọ̀rọ̀, títí ó fi kan òun.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ẹnubodè ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìwé adéhùn tí àwọn ìjọba CEDEAO fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979, tó ní kí ọmọ ilẹ̀ wa máa rìn fàlàlà, mo ti so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwọn méjìlá ti fọwọ́ sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bíkì wà lórí tábìlì.